Àbẹ̀ní àti Dosíẹ̀ Mẹ́tàlélógójì

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni Àbẹ̀ní nígbà tó kọ́kọ́ ka kóòdù kọ̀ǹpútà, ìtìjú ló sì mú un kà á.

Láti ọmọ ogún ọdún ló ti ń tẹ ìwé fún àwọn ará Sakété. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onírin ló fi bẹ̀rẹ̀, níwájú ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ra kọ̀ǹpútà, ó ra ẹ̀rọ fótókópì, ó gba ṣọ́ọ̀bù kan létí ọ̀nà tó lọ sí Pobè, wọ́n sì fi ọ̀dà búlúù kọ «Secrétariat», ìyẹn ilé ìtẹ̀wé, sára ògiri rẹ̀. Ìwé ìbí, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, ìwé ìbéèrè iṣẹ́, ìkéde òkú, kò sí èyí tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí jù lọ ni pé àṣìṣe kì í bọ́ lójú rẹ̀. Bí o bá gbàgbé àmì kan lórí lẹ́tà kan, Àbẹ̀ní á ti fi ìka tọ́ka sí i kí o tó kí i tán.

Hermann, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Kútọnu, ló ṣe ojú-ewé kan fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá wà lóko lẹ́bàá Yoko kò ní láti gun alùpùpù wá sí Sakété lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Á ya fọ́tò ìwé rẹ̀, á fi fóònù rán an sí ojú-ewé náà, Àbẹ̀ní á tẹ̀ ẹ́ jáde, tí onítọ̀hún bá fi máa dé, dosíẹ̀ rẹ̀, ìyẹn àkójọ ìwé rẹ̀, á ti wà ní títò. Ó ṣiṣẹ́ fún ọdún kan gbáko. Lẹ́yìn náà, Hermann kó ojú-ewé náà kúrò lórí ẹ̀rọ àwọn tó ń bá wọn gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn mìíràn tó ní ẹ̀rọ tiwọn yá jù.

Láti ọjọ́ yẹn, Àbẹ̀ní kò rí fíṣíẹ̀ kankan gbà, ìyẹn àwọn ìwé tí wọ́n ń fi fóònù rán. Òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì rò pé àwọn èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́ oko ni.

Ní ọjọ́ kẹwàá, tó jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù níwájú ṣọ́ọ̀bù náà ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Aurélie ni, ọmọ Fádèyí àgbẹ̀, láti abúlé kan lẹ́yìn Yoko. Ó ti yege ìdánwò àṣejáde, ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ló sì fẹ́ wọ̀.

«Ẹ káàárọ̀ o, Tàǹtí. Dosíẹ̀ mi ni mo wá mú. Wọ́n á ti ìlẹ̀kùn níbi tí wọ́n ti ń gbà á ní Pobè ní aago méjìlá.»

«Dosíẹ̀ wo, ọmọ mi?»

«Èyí tí mo rán lọ́jọ́ Ajé. Ìwé márùn-ún ni.»

Àbẹ̀ní ṣí àpò tí fíṣíẹ̀ máa ń wọ̀ sí lórí kọ̀ǹpútà. Òfìfo ni. Ó tì í, ó tún un ṣí. Òfìfo náà ni. Ó yíjú sí Aurélie, ó ní bóyá kò lọ. Ọmọ náà kò bá a jiyàn, ó kàn na fóònù rẹ̀ sí i. Ó ti ya fọ́tò ojú fóònù lọ́jọ́ tó rán an, lẹ́tà aláwọ̀ ewé sì hàn níbẹ̀ gbàgàdà: «Bien reçu». A ti gbà á.

Aurélie ti pa fọ́tò àwọn ìwé náà rẹ́ lórí fóònù rẹ̀, ìwé gidi sì wà nílé, lábúlé. Ó tún gun alùpùpù padà, àmọ́ ọ̀nà Yoko kò dára lásìkò òjò. Nígbà tó fi dé Sakété pẹ̀lú ìwé rẹ̀, aago méjì ti kọjá. Ó ṣì lọ sí Pobè náà. Wọ́n ti ti géètì. Ó di ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà tí Àbẹ̀ní pe Hermann, ohùn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. «Màmá, kóòdù yẹn kò ní wàhálà kankan. Ó dájú pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọmọ yẹn ni. Màá wò ó lọ́jọ́ Àìkú.» Ọjọ́ Àìkú kọjá, kò wò ó. Ó ti ríṣẹ́ sí Àbíjáàn, ẹrù ló ń dì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Fádèyí fúnra rẹ̀ wá. Ọkùnrin tó ga ni, ó lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Àbẹ̀ní gbé àga fún un, kò jókòó.

«Ìyá Fabiola,» ó ní, nítorí Fabiola ni àkọ́bí Àbẹ̀ní, «èmi ò mọ fóònù, èmi ò mọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo mọ̀ ò ju pé ọmọ mi kó ìwé rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ sì sọ fún un pé ẹ ti gbà á.»

Kò bú u. Ó fi fìlà rẹ̀ dé orí, ó sì lọ. Àbẹ̀ní ní ì bá tẹ́ òun lọ́rùn kó bú òun.

*

Hermann fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ojú-ewé náà ránṣẹ́ láti Àbíjáàn. «Ẹ wá ẹnì kan tó máa tún un ṣe,» ó ní. Àbẹ̀ní wá èèyàn méjì. Èkíní ní kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù, kí òun ṣe tuntun. Èkejì gbà, ó ní òun ń bọ̀, kò sì yọjú.

Lọ́jọ́ kan ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó fi ọ̀rọ̀ ìwọlé yẹn wọlé, ó ń ṣí èyí, ó ń pa tọ̀hún, títí tó fi bá kóòdù náà pàdé. Ìlà ọ̀rọ̀ lásán ni! Ohun tó ti ń bẹ̀rù ni pé ẹ̀rọ ni òun máa bá níbẹ̀, ohun tí ojú èèyàn kò lè rí. Àmọ́ lẹ́tà ni, nọ́ńbà ni, àmì ìdánudúró ni. Àbẹ̀ní ti ń ka lẹ́tà láti ogún ọdún dé mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ìwé méje ni. Ó mú bíróò pupa, ó jókòó tì í bó ṣe máa ń jókòó ti lẹ́tà tó bá fẹ́ yẹ̀ wò.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ náà, Faransé sì ni Àbẹ̀ní gbọ́. Ó bá ké sí Munirat ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ará Ìlaròó ni Munirat, bàtà rọ́bà àti abọ́ ike ló ń kó wá láti Nàìjíríà tà. Ó ti ka ìwé mẹ́wàá kí ìyá rẹ̀ tó fà á wọ ọjà.

Munirat gba ìwé náà, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. «Ìyá Fabiola, Gẹ̀ẹ́sì wo lèyí? Ta ló kọ ọ́? Wọn ò pín ọ̀rọ̀ síra!»

«Ṣáà máa ka èyí tó o bá mọ̀.»

«Ó dáa. Èyí ní "bí". Èyí ní "sọ jáde". Èyí… ẹ dúró, wọ́n so mẹ́ta pọ̀ mọ́ra. Ó ní kó gbé fáìlì tí wọ́n rán wá.»

«Fíṣíẹ̀.»

«Fáìlì ni, Ìyá Fabiola. Èmi ni mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.»

«Ó dáa, kó máa jẹ́ fáìlì títí wàá fi lọ kírun. Ó ní kó gbé e lọ síbo?»

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀, kí ọjà tó gbóná, Munirat á wá, á ka bí ìlà mẹ́wàá, Àbẹ̀ní á fi bíróò kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí Munirat náà kò bá mọ̀, Àbẹ̀ní á wá a lọ sínú fídíò àwọn tó ń kọ́ni ní Faransé. Ibẹ̀ ló ti mọ ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún un rí. Fíṣíẹ̀ tó bá ti orí fóònù ẹnì kan jáde kì í lọ tààrà sínú àpò. Ẹ̀rọ tó gbà á á kọ́kọ́ gbé e sí ibì kan fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà tí kóòdù bá parí iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀, ẹ̀rọ náà á pa á rẹ́. Ìlà kan ṣoṣo, ìlà «gbé» tí Munirat kà yẹn, ló gbọ́dọ̀ mú fíṣíẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sórí dísìkì, sínú àpò tó máa wà sí. Bí ìlà yẹn kò bá ríṣẹ́ ṣe, fíṣíẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò sí ẹni tó lè rí i mọ́.

Àbẹ̀ní padà sórí ìlà yẹn, ó sì fi ojú atẹ̀wé wò ó. Wọ́n kọ orúkọ àpò náà síbẹ̀: «dossiers». Ó wo kọ̀ǹpútà, níbi tí orúkọ àwọn àpò tó wà lórí ẹ̀rọ tuntun náà tò sí: «Dossiers».

Ó wo ìwé. Ó wo kọ̀ǹpútà. Ó tún wo ìwé.

«Munirat!» Igbe rẹ̀ dé ìdí igi òdìkejì ọ̀nà. «Munirat, D ńlá ni!»

Munirat sáré wọlé pẹ̀lú bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́. «Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló ṣubú?»

«Kò sẹ́ni tó ṣubú. D ńlá ló wà lára àpò, d kékeré ló wà nínú kóòdù. Ẹ̀rọ tọ́jọ́sí ò ka ìyẹn sí, ọ̀kan náà ló ń pe méjèèjì. Tuntun yìí, ọ̀tọ̀ ọ̀tọ̀ ló kà wọ́n sí! Ó ń wá àpò tí kò sí!»

Ó pa lẹ́tà kan rẹ́, ó tẹ òmíràn dípò rẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀. Ó fi fóònù ya fọ́tò bàtà tó wà lọ́wọ́ Munirat, ó fi rán an sí ojú-ewé náà, ó sì ṣí àpò. Fíṣíẹ̀ kan wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, bàtà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo sì kún ojú kọ̀ǹpútà, ó tóbi bí ọkọ̀ ojú omi. Àwọn obìnrin méjèèjì dì mọ́ra wọn, wọ́n ń fò sókè, ẹni tó wá ṣe fótókópì dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń wò wọ́n.

Ẹlòmíràn ì bá dúró síbẹ̀. Àmọ́ Àbẹ̀ní ka ìlà tó tẹ̀ lé e. Ìlà yẹn kò béèrè ohunkóhun. Ì báà jẹ́ pé wọ́n gbé fíṣíẹ̀ dénú àpò, ì báà jẹ́ pé wọn ò gbé e débì kankan, «Bien reçu» ló máa sọ. Ohun tó sọ fún Aurélie nìyẹn. Ó ti dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn láìwo ọwọ́ ara rẹ̀.

«Kò ní sọ bẹ́ẹ̀ mọ́,» ni Àbẹ̀ní wí.

Ó gbà á ní oṣù mẹ́ta. Nígbà àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kan kóòdù náà, gbogbo ojú-ewé funfun báláú fún ọjọ́ mẹ́rin, nítorí àmì kan tó fò ní ìparí ìlà. Ó rí i níkẹyìn, ó sì fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun tó ti ń bá àwọn ará ìlú wí lórí àmì láti ọjọ́ yìí. Díẹ̀díẹ̀ ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ «bí» àti «bí bẹ́ẹ̀ kọ́». Bí fíṣíẹ̀ bá ti wà lórí dísìkì, tí títóbi rẹ̀ sì bá èyí tó kúrò lórí fóònù mu, kí ó sọ pé ó ti dé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí lẹ́tà pupa jáde. Èdè méjì ló sì fi kọ ọ́, Faransé lókè, èdè tiwa nísàlẹ̀: «Fíṣíẹ̀ yín kò tí ì dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rán.»

Munirat ló jẹ́ kó rí àléébù kejì. Wọ́n ń dán an wò lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àbẹ̀ní rán fọ́tò ìwé ìbí Fabiola, ó pè é ní «acte», bí wọ́n ṣe ń pe ìwé ìbí ní Faransé. Munirat rán fọ́tò ewúrẹ́ kan tó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, orúkọ kan náà ló fún un. Nígbà tí wọ́n ṣí àpò, ewúrẹ́ nìkan ló kù.

Munirat bú sẹ́rìn-ín. «Ewúrẹ́ ti jẹ ìwé ìbí Fabiola!»

Àbẹ̀ní kò rẹ́rìn-ín. «Mélòó nínú àwọn ọmọ yìí ló ń pe ìwé wọn ní "acte"? Gbogbo wọn ni.» Bí ti ẹ̀yìn bá dé, á pa ti iwájú rẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó tún lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Níkẹyìn, ẹnikẹ́ni tó bá rán ìwé, kóòdù á fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ẹlòmíràn kò lè ní, nọ́ńbà yẹn á sì lẹ̀ mọ́ orúkọ gbogbo fíṣíẹ̀ rẹ̀ kó tó gbé wọn lọ sórí dísìkì. Nọ́ńbà kì í sì í jáde lójú fóònù àfi tí gbogbo ìwé bá ti wọlé pé.

*

Nígbà tí ọdún yípo, tí wọ́n tún ń gba dosíẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí àti ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, Àbẹ̀ní gun alùpùpù Innocent, ọlọ́kọ̀ tó máa ń gbé e káàkiri, ó di Yoko. Ó bá Fádèyí lábẹ́ àwọn igi ọ̀pẹ rẹ̀, ó ń ṣa ẹyìn jọ. Ó kúnlẹ̀ kí i.

«Bàbá Aurélie, mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ jẹ́ kó tún rán ìwé rẹ̀ sí mi.»

Fádèyí na ẹ̀yìn rẹ̀. «Sínú fóònù yẹn náà? Lẹ́yìn èyí tó ti ṣẹlẹ̀?»

«Èmi ni mo tún un kọ. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́. Bí kò bá gbà á, á sọ pé òun kò gbà á.»

«Ẹ̀yin ni ẹ kọ ọ́?»

«Èmi àti Munirat oníbàtà.»

Ọkùnrin náà wò ó títí, ó sì wo ọmọ rẹ̀ tó ti dúró tì wọ́n. Aurélie ló sọ̀rọ̀. «Bàámi, ohun tó dùn mí lọ́jọ́sí ni irọ́ yẹn. Tó bá ti máa sọ òótọ́, mo lè bá a ṣe é.»

«Ó ku sọ́wọ́ rẹ,» ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ẹyìn rẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí Àbẹ̀ní máa lọ, ó di ẹyìn sí àpò kékeré kan fún un.

Ọjọ́ Jímọ̀, aago méjìlá ọ̀sán, ni wọ́n dá. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dá mọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àrá sán lu ẹ̀rọ iná mànàmáná, Sakété ṣókùnkùn. Ọ̀nà Yoko di odò. Kò sí alùpùpù tó lè gba ibẹ̀ kọjá, kò sí ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀bù Àbẹ̀ní wà ní títì, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò tàn, fóònù rẹ̀ ti kú. Kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń rán ìwé. Ó jókòó sí ìloro, ó ń wo òjò, ó ń ka kóòdù rẹ̀ lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bóyá ó fo nǹkan kan.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó dìde. «Munirat, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ. À ń lọ sí Pobè. Wọ́n níná níbẹ̀.»

Ọ̀nà ọ̀dà ni ti Pobè, òjò kò lè gbé e lọ. Innocent gbé àwọn méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n fi ọ̀rá bo orí, àwọn ọkọ̀ tó ń lọ kó sìmẹ́ńtì ní Onigbolo ń fi omi ẹrẹ̀ wẹ̀ wọ́n. Wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù Valentin nítòsí ọjà Pobè bí ẹni tí wọ́n fà jáde látinú kànga. Atẹ̀wé ni Valentin náà, ó ti mọ Àbẹ̀ní láti ìgbà ẹ̀rọ onírin. Ó fún un lága níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Àbẹ̀ní nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ó fi ọ̀rọ̀ ìwọlé wọlé. Ó ṣí àpò.

Fíṣíẹ̀ kún ojú kọ̀ǹpútà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fà á wálẹ̀, kò tán. Ó tún fà á. Igba fíṣíẹ̀ ó lé méjìdínlógún, èèyàn mẹ́tàlélógójì, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí Sakété wà lókùnkùn, tí òjò ń lu òrùlé, tí òun jókòó sí ìloro tó ń dààmú, ìwé àwọn ọmọ yìí ń bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti abẹ́ igi ọ̀pẹ, láti ẹ̀yìn ilé, láti ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti tó díẹ̀, ìlà tó kọ sì ń gbé wọn lọ sórí dísìkì.

«Wá Aurélie,» ni Munirat sọ.

Nọ́ńbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ìwé márùn-ún, ó pé. Kóòdù náà tún máa ń kọ gbogbo ìgbìyànjú sílẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ pé Aurélie rán an lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí kò dé, tí lẹ́tà pupa dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹfà pé kò tí ì dé. Ìgbà keje ló wọlé.

Àbẹ̀ní fi ọwọ́ bojú. Valentin rò pé nǹkan ti bàjẹ́. «Ṣé kò sí i ni?»

«Ó wà,» ni Àbẹ̀ní wí. «Gbogbo wọn wà. Bá mi tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ.»

Wọ́n tẹ ìwé títí ilẹ̀ fi ń ṣú, wọ́n sùn nílé Valentin, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀. Munirat ń tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà, Valentin ń so wọ́n pọ̀, ìyàwó rẹ̀ Flavienne sì ń kọ orúkọ sára àpòòwé. Àbẹ̀ní ń wo ìwé kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ìbí kan dorí kodò, ó yí i padà. Fọ́tò kan ṣókùnkùn jù, ó là á lójú, ó tún un tẹ̀.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba dosíẹ̀. Innocent ló gbé páálí tí wọ́n kó àwọn dosíẹ̀ náà sí sórí. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ gbójú sókè, ó wo páálí, ó wo obìnrin méjì tí ẹrẹ̀ ti gbẹ sára aṣọ wọn.

«Màdáàmù, kí lèyí?»

«Dosíẹ̀ ni. Mẹ́tàlélógójì. Ọ̀nà tì wọ́n mọ́ oko, mo bá wọn mú un wá.»

«Gbogbo wọn pé?»

«Ẹ wò ó.»

Ó wò ó. Ó ṣí àkọ́kọ́, ó yẹ ìwé inú rẹ̀ wò, ó lù ú ní òǹtẹ̀. Ó ṣí èkejì. Nígbà tó dé bí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó dáwọ́ yíyẹ̀wò kínníkínní dúró, òǹtẹ̀ nìkan ló ń lù, gbì, gbì, gbì, Munirat sì ń bá a kà á sókè. Nígbà tí ó lu mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, Àbẹ̀ní di ọwọ́ Munirat mú ṣinṣin. Nígbà tí ó lu mẹ́tàlélógójì, àwọn tó tò sẹ́yìn, tí wọ́n ti ń kùn tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n jáde.

Àwọn ọmọ náà ṣe ìdánwò ìwọlé, lẹ́yìn oṣù méjì sì ni èsì rẹ̀ jáde. Ọjọ́ ọjà ni, iná ti padà sí Sakété tipẹ́. Àbẹ̀ní ń tẹ ìkéde ìgbéyàwó kan lọ́wọ́ tí alùpùpù mẹ́ta fi ya wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń fun fèrè. Aurélie wà lórí èkíní, ó dìde dúró lẹ́yìn ọlọ́kọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

«Tàǹtí! Ipò kẹrin! Ipò kẹrin ni mo ṣe!»

Ọmọ méje mìíràn nínú àwọn mẹ́tàlélógójì náà ló yege. Munirat da abọ́ ike sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó ń fi méjì lu ara wọn, àwọn oníbàárà sì bá a gbé orin. Fádèyí wà lórí alùpùpù kẹta. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó wá àga, ó sì jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó wo kọ̀ǹpútà náà.

«Èyí ni?» ó bi Àbẹ̀ní.

«Ẹ̀rọ tó ń gbà á wà ní ọ̀nà jíjìn. Àmọ́ ibí ni mo ti kọ ọ́.»

«Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Fabiola. Ẹ kú iṣẹ́ gan-an.» Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tí Àbẹ̀ní kò mọ̀ pé ó wà lára rẹ̀.

Ìròyìn náà dé Àbíjáàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì Hermann pè. Ó kí i, ó kí i lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, títí Àbẹ̀ní fi mọ̀ pé ó ní ohun tó ń wá.

«Màmá, níbi iṣẹ́ wa níbí, àwọn èèyàn ń rán fíṣíẹ̀, àwọn kan ń sọnù. Mo ti ń wá ohun tó fà á láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé… ṣé ẹ lè fi kóòdù yín ránṣẹ́ sí mi, kí n wò ó?»

Àbẹ̀ní jókòó dáadáa. Ó wo Munirat, Munirat ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

«Màá fi ránṣẹ́,» ó ní. «Ṣùgbọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde o, Hermann. Mú bíróò pupa, kí o sì kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí kò bá yé ọ, kí o pè mí.»